Ìlú aró, àdìrẹ Ṣáínà

Ọ̀pá márùn-ún péré ni mo wá lọ sí Ọjà Ọba. Àbúrò mi tó wà ní Jámánì ló ní kí n fi àdìrẹ ránṣẹ́. Ọmọ tó ń tajà na ọ̀kan sí mi, ó ń dán, owó rẹ̀ ò tó ìdajì èyí tí mo mú dání. Mo yí ẹ̀yìn aṣọ wò. Funfun! Ojú nìkan ni wọ́n tẹ àwọ̀ sí.

Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, àdìrẹ wo lèyí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àdìrẹ Ṣáínà ni, mà. Òun làwọn èèyàn ń rà."

Ní Òṣogbo o! Ìlú tí wọ́n ń kì ní ìlú aró.

Ẹ má rò pé àwọn ará Ṣáínà ni mo fẹ́ bú. Ayé ti lu jára tipẹ́. Nígbà tí rélùwéè dé ọ̀dọ̀ wa ní 1907, aṣọ funfun láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára ẹrù tó ń bá a wá. Àwọn ìyá wa ń rà á, wọ́n á fi ìyẹ́ adìẹ ta ẹ̀kọ láfún sí i lára, kí wọ́n tó rì í sínú ìkòkò aró. Aṣọ àlejò ni, àmọ́ ẹni tó gún ewé ẹ̀lú tí wọ́n fi ń ṣe aró jẹ nínú rẹ̀, ẹni tó ta eérú jẹ, ẹni tó mọ ìkòkò jẹ. Èyí tó ń dé báyìí, iṣẹ́ ti parí lára rẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Kí ló kù fún wa? Ká gbé e kọ́.

Ilé iṣẹ́ tó ń na irin ní Òṣogbo níbí náà ńkọ́? Ilé iṣẹ́ irin Aládjà, ní ìpínlẹ̀ Delta, ni wọ́n ti ń kó irin tí wọ́n ń nà wá. Aládjà dákẹ́, tiwa náà dákẹ́. (Ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀ lónìí, inú á bí mi jù.)

Àwọn kan ní kí ìjọba ṣòfin kí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ má wọlé. Òfin wo ni ọ̀nà Kútọnu, ọ̀nà àwọn onífàyàwọ́, ò tíì rí rí? Ní tèmi, kí Ṣáínà máa jẹ́ Ṣáínà lórí àtẹ, bí ọmọ yẹn ṣe pè é, kí aṣọ àwọn aláró ní èdìdì tirẹ̀. Kí ẹnìkan sì máa gbin ẹ̀lú padà, torí aró òyìnbó àti sódà ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò báyìí.

Mo gba ọ̀dọ̀ ìyá aláró kan lọ. Apá rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá. Ó ní látìgbà tí náírà ti já ní 2023, òun kì í dá iye lé aṣọ mọ́ àfi tóun bá ra aró tán. "Ẹni tó ní dọ́là ló ń bá mi nájà mi."

Mo san àsansílẹ̀. Ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ kẹwàá, òjò ò jẹ́ kí aṣọ gbẹ.