Ẹ yéé ní kí màmá yín máa jókòó

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi tipẹ́, kó sì dun ẹni tó bá dùn, torí èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ jẹ̀bi ẹ̀.

Nígbà tí mo mú màmá mi wá sí Kubwa l'Ábújá níbí láti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni ọdún 71, ìyá tó ti ń ta ata kí wọ́n tó bí mi, gbogbo wa la pawọ́ pọ̀ dá wọn jókòó. "Màmá, ẹ sinmi jàre, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó." Wọn ò gbọ́dọ̀ gbálẹ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹni tó máa se oúnjẹ wà, tẹlifíṣàn wà, a sì ń pe ara wa lọ́mọ tó ń tọ́jú ìyá. Kò tó oṣù mẹ́ta tóorun ò fi wá mọ́, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu wọn, tí mo bá tibi iṣẹ́ dé orí àga tí mo fi wọ́n sí láàárọ̀ náà ni mo máa bá wọn. Lálẹ́ ọjọ́ kan wọ́n ṣàdédé ní "èmi tí mi ò wúlò fún nǹkan kan mọ́ yìí." Ẹ̀rù bà mí.

Ìyá Hausa tó ń gbé nísàlẹ̀ wa ló yọ wá. Ó kàn wá ní Sátidé kan pé òun ń lọ sọ́jà, ṣé màmá á sin òun lọ, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi rìn ín. Ìgbà tí wọ́n máa dé, eruku ti bo sálúbàtà wọn dé ọrùn ẹsẹ̀, wọn ò tíì jókòó tí wọ́n ti ń ròyìn iye tí Àlùhájì kan pe tàtàṣé, báwọn ṣe ná an títí tẹ̀rín fi pa á, tó wá ń pe àwọn ní Hájíà. Màmá mi tó jẹ́ díákónẹ́ẹ̀sì o! Alẹ́ ọjọ́ yẹn wọ́n sùn fọnfọn.

WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ ọ́ nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2020 pé ó kéré tán kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 mira lọ́sẹ̀, tó bá sì ti pé ọdún 65 kì í ṣe pé kó dín in kù o, ńṣe ni kó tún máa ṣe eré ìdárayá tí ò ní jẹ́ kó máa ṣubú kún un, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Àwa wá ń ti ìyá mọ́lé torí ọ̀wọ̀.

Tàwọn ọmọdé, ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́. Tèmi ọmọ ọdún 9, aago márùn-ún ló ń ti lẹ́sìn tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn iléèwé dé, wọ́n sì ti fòfin de bọ́ọ̀lù ní ẹ́sítéètì wa torí gíláàsì mọ́tò ẹnìkan tó fọ́, níbo ló fẹ́ sáré sí? Fóònù náà ni. Tá a bá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ tó ń jágbe, a ní ọmọ ayé òde òní ni, àwa tá a fò súwè títí ilẹ̀ fi ṣú.

Èmi náà, mo jókòó nínú mọ́tò dé Secretariat, mo jókòó nídìí tábìlì, mo tún jókòó nínú gósíló bọ̀ wálé, "ẹ káàbọ̀" lásán á ti máa bí mi nínú. Sátidé tí mo bá rìn yí Jabi Lake ká (àwọn kan wá torí fọ́tò ni sha), gbèsè mi ò dín kù, ṣùgbọ́n mo lè rò ó káyà mi má já.

Àmọ́ ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ẹ̀ ti dé ibi tí ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́, ẹ má sọ fún un pé kó lọ sáré o, ẹ mú un lọ bá dókítà.

Àná ni màmá ní kí n bá àwọn ra kánfáàsì. Wọ́n ní kí n má ra funfun, torí eruku Kubwa.