Gírámà Ńlá Kọ́ Ló Ń Gba Ẹjọ́ Là

Ní Abuja níbí, láti Kubwa dé Garki, ohun tí àwọn oníbàárà gbà gbọ́ ni pé lọ́yà tí ìwé rẹ̀ bá yé gbogbo ènìyàn, kò mọ iṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń jáde nílé ẹ̀kọ́ òfin ní Bwari náà ti gbà bẹ́ẹ̀. Wọn a máa to "hereinbefore" lé "aforesaid" lórí, gbólóhùn kan á gba ojú ìwé tán. Ẹ̀yin àbúrò mi, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì ń ṣàkóbá fún àwọn tó gbé ẹjọ́ wọn lé wa lọ́wọ́.

Ẹ ro ti adájọ́ tó máa kà á. Púpọ̀ nínú wọn ṣì ń fọwọ́ kọ ohun tí wọ́n gbọ́ ní kóòtù. Abala 294 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sì fún wọn ní 90 ọjọ́ péré láti dájọ́, lẹ́yìn tí àwọn agbẹjọ́rò bá ti sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn wọn. Fáìlì tiyín nìkan kọ́ ló wà níwájú wọn.

Àfidáfíìtì, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tí ènìyàn búra sí, gan-an ni gírámà ti ń bà jẹ́ jù. Ká ní onílé kan ní Lugbe ṣí òrùlé lórí ayálégbé. Ẹlòmíràn á kọ ọ́ pé: "Onílé náà hu ìwà ìkà tó lòdì sófin, ó sì fi ẹ̀tọ́ mi gbolẹ̀." Ó dùn-ún gbọ́, àmọ́ kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an? Abala 115 Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 kò fàyè gba àríyànjiyàn òfin nínú àfidáfíìtì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ń béèrè. Ilé-ẹjọ́ lè fa irú ìpínrọ̀ bẹ́ẹ̀ yọ dànù. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé, onílé mú káfíńtà méjì wá. Wọ́n ṣí páànù lórí yàrá mi. Òjò tó rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà ba fóòmù àti tẹlifíṣàn mi jẹ́." Ta ló máa ka èyí tí kò ní mọ ẹni tó jẹ̀bi?

Mi ò ní kí ẹ sá fún "ex parte" (ẹ̀bẹ̀ tí ilé-ẹjọ́ gbọ́ láìsí ẹnìkejì níbẹ̀) tàbí "locus standi" (ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́) o; irinṣẹ́ wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí àwọn ilé-ẹjọ́ wa ti ń sọ ọ́: ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò, bó ti wù kó dùn tó, kò lè rọ́pò ẹ̀rí.

Kí ẹ tó tẹ ìwé, ẹ pe ẹnì kan tí kì í ṣe lọ́yà, kí ẹ ro ẹjọ́ náà fún un ní Yorùbá. Kò sí gírámà tẹ́ ẹ máa sá pamọ́ sí níbẹ̀. Ibi tó bá ti dá yín dúró pé "ta ló ṣe é?" tàbí "ìgbà wo nìyẹn?", ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ tún kọ.