Ẹ yé e bá ìyá tó ń sunkún wí

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára láti ọjọ́ Àìkú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde. Kò sí ibì kankan nínú Bíbélì tí Ọlọ́run ti ní kí a máa fi ìlérí òun na ẹni tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ lẹ́gba. Kò sí. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wa n'Ìjẹ̀bú báyìí, àwa náà sì ń ṣe "Àmín" sí i.

Gbogbo yín lẹ mọ káàdì ìlérí. Alẹ́ àìsùn ọdún tuntun, aago méjìlá ti lù, a ti kí ara wa kú ọdún, kú ìyèdún, wọ́n á gbé apẹ̀rẹ̀ jáde, oníkálukú á fa bébà tirẹ̀. Ẹsẹ Bíbélì kan ló máa ń wà lára rẹ̀, òun náà ni wọ́n á ní kí o dì mú títí ọdún á fi yí po. Mi ò ní torí apẹ̀rẹ̀ bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tó ń tẹ̀lé e ni mò ń bá jà.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí mo ń pè ní Mọ́mì, ń ta gàrí ní ọjà Òkè-Ajé, n'Ìjẹ̀bú-Òde. Àbígbẹ̀yìn wọn gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ. Líbíyà ló ti pè wọ́n kẹ́yìn, ó ní àwọn ń dúró de ọkọ̀ ojú omi. Láti ìgbà náà, kò pè mọ́. Ní àìsùn ọdún yìí, Jeremáyà 31:17 ni Mọ́mì fà: "Ìrètí sì wà ní ìgbẹ̀yìn rẹ, ni Olúwa wí, pé àwọn ọmọ rẹ yóò tún padà wá sí agbègbè wọn." Ẹ rò ó wò. Nínú gbogbo bébà tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ yẹn! Wọ́n wólẹ̀ níbẹ̀, a sì ń jó yí wọn ká. Wọ́n fi ọ̀rá wé káàdì náà, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ òpó ìsọ̀ wọn, lókè ibi tí gàrí wà. Tí ẹ bá débẹ̀ lónìí, ìyẹ̀fun gàrí ti bo ojú rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi ń nù ún láràárọ̀ kí wọ́n tó wọn kóńgò àkọ́kọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n jáde síwájú fún àdúrà, omi sì bọ́ lójú wọn. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run tó ń darí àdúrà gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu, ó ní, "Ìyá, ẹkún yìí ló ń dá ọmọ yín dúró. Ẹ ò gba ìlérí yín gbọ́." Lójú gbogbo ìjọ! Ìyá tó ti ní ọmọ-ọmọ kúnlẹ̀, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí pé ó sunkún ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo ṣí Bíbélì Àtọ́ka. Kí ló wà ní ẹsẹ 15, ní òkè èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí káàdì? Rákélì, ìyá ńlá àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, ni. A gbọ́ ohùn ní Rámà, ẹkún kíkorò, Rákélì ń sunkún àwọn ọmọ rẹ̀, kò sì gba ìpẹ̀. Ìyá tó ń sunkún gan-an ni Ọlọ́run ń dá lóhùn! Mo mọ̀ pé ẹnìkan á fa ẹsẹ 16 yọ, níbi tó ti ní kó dá ohùn ẹkún rẹ̀ dúró. Kó kà á parí. Ó ní iṣẹ́ rẹ̀ yóò ní èrè, pé àwọn ọmọ á padà láti ilẹ̀ ọ̀tá. Bí a ṣe ń rẹ èèyàn lẹ́kún nìyẹn. Ta ló gbọ́ ìbáwí níbẹ̀?

Nípa gbígbọ́ ni ìgbàgbọ́ ti ń wá, Róòmù 10:17 ló sọ bẹ́ẹ̀, gbígbọ́ sì ń wá nípa ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Báwo la ṣe fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí a ti gé wẹ́wẹ́ sínú apẹ̀rẹ̀? Nínú ìwé Jeremáyà yìí kan náà, ní orí 28, wòlíì kan tó ń jẹ́ Hananáyà ṣèlérí fún àwọn èèyàn pé kí ọdún 2 tó pé, àjàgà ọba Bábílónì á ti ṣẹ́. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ò rán an, ó sì kú lọ́dún yẹn gan-an. Jeremáyà ní tiẹ̀ kọ lẹ́tà sí àwọn tí wọ́n kó ní ìgbèkùn lọ sí Bábílónì pé ọdún 70 ni, kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n máa bímọ. Orí 29 ẹsẹ 11 tí gbogbo wa lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, èyí tó ní èrò àlàáfíà ni Ọlọ́run ń rò sí wa, inú lẹ́tà ọlọ́dún 70 yẹn ló wà. Àwọn tó gbà á gbọ́ gbin ẹ̀fọ́ nílùú onílùú, púpọ̀ nínú wọn sì kú síbẹ̀.

Ìjẹ̀bú-Òde níbí kan náà ni àwọn ará Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye, ẹgbẹ́ aládùúrà kan, ti ń kóra jọ gbàdúrà ní ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn 1918. Wọ́n fara ti ọ̀rọ̀ ìwòsàn inú Bíbélì débi pé wọ́n pa oògùn tì. Mi ò bá wọn dé ibi oògùn yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ló jìyà ohun tí wọ́n gbà gbọ́: ìjọ Áńgílíkà ò fara mọ́ ọn, wọ́n sì jáde. Ti ìsinsìnyí kọ́ nìyẹn. Ẹni tó pín ìlérí délé rẹ̀, ó sùn. Onígàrí ló ń fi òru gbàdúrà, kí wọ́n má baà ní ìgbàgbọ́ òun ò tó.

Mo gbé Bíbélì lọ bá Mọ́mì ní ìsọ̀. Mo ka ti Rákélì fún wọn, inú wọn dùn sí i. Mo wá ṣàlàyé pé àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tí wọ́n kó lẹ́rú ni ọ̀rọ̀ náà ń bá sọ̀rọ̀, pé wọ́n sì padà wálé lóòótọ́ láyé Kírúsì ọba Páṣíà. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n wò mí: "Ọ̀rọ̀ yìí kì í wá ṣe tèmi nìyẹn?"

Ìbéèrè yẹn ni mò ń gbé kiri báyìí. Mátíù mú ọ̀rọ̀ Rákélì yìí kan náà wá sí orí 2 ìwé rẹ̀, fún àwọn ọmọ Bẹ́tílẹ́hẹ́mù tí Hẹ́rọ́dù pa. Àwọn yẹn ò padà wálé. Mi ò lè sọ ìyẹn fún Mọ́mì. Ó dá mi lójú pé Ẹni tó gbọ́ ohùn Rákélì ń gbọ́ tiwọn, ó sì dá mi lójú pé kò ṣèlérí kan rí kó má mú un ṣẹ. Àmọ́ ṣé Ó ṣèlérí pé ọmọ yìí á padà s'Ìjẹ̀bú? Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìwé Mímọ́ jù mí lọ, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n wí fún wọn?