Kì í ṣe Malcolm X ló dáná sun Detroit

Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Detroit níbí, lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, Bàbá kan tí gbogbo wa bọ̀wọ̀ fún tún sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn ilé tó ṣófo ní àdúgbò kan la ń sọ, ni Bàbá bá ní: "Ọwọ́ ara wọn ni àwọn aláwọ̀ dúdú ibí fi ba ìlú wọn jẹ́. Martin Luther King ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bá ìjọba sọ̀rọ̀, Malcolm X àtàwọn Black Panther wá ń kì wọ́n láyà títí wọ́n fi dáná sun ìlú." Àwọn èèyàn ń mi orí. Mo dojú kọ oúnjẹ mi, torí mi ò lè já àgbà nírọ́ lójú àwùjọ. Ṣùgbọ́n ó ti sú mi. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwa Yorùbá níbí, ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi ìkómọ, nínú ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ to ọjọ́ bó ṣe tò. Oṣù keje, ọdún 1967 ni Detroit jó. Ọjọ́ 21, oṣù kejì, ọdún 1965 ni wọ́n yìnbọn pa Malcolm X ní New York. Ọjọ́ 11, oṣù kẹjọ, ọdún yẹn kan náà ni Watts, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú, gbiná ní Los Angeles, lẹ́yìn tí ọlọ́pàá dá ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró nínú mọ́tò tí ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ lójú ìyá rẹ̀. Èèyàn 34 ló kú. Oṣù kẹfà, ọdún 1966 ni Stokely Carmichael, ọ̀dọ́ ajìjàgbara kan, ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo "Black Power" (agbára fún aláwọ̀ dúdú) ní Greenwood, Mississippi. Oṣù kẹwàá, ọdún 1966 ni Huey Newton àti Bobby Seale dá ẹgbẹ́ Black Panther sílẹ̀ ní Oakland. Watts ti jó, ó ti di eérú, ó ti lé lọ́dún kan kí ẹgbẹ́ yẹn tó lórúkọ. Harlem ní New York náà ti dàrú lọ́dún 1964, nígbà tí ọlọ́pàá kan tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ yìnbọn pa ọmọ ọdún 15. Panther wo ló wà níbẹ̀?

Àwọn míì á ní àwọn ti rí fọ́tò: fìlà dúdú, ìbọn gígùn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Ilé aṣòfin California ní Sacramento ni àwọn Panther gbé ìbọn yẹn wọ̀, ní ọjọ́ 2, oṣù karùn-ún, ọdún 1967, òfin California sì gbà á láyè nígbà náà. Wọn ò yìnbọn lu ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà, wọn ò sun ilé kankan.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Malcolm, torí àwa náà la sọ ọ́ lórúkọ. Ó wá sọ̀rọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní oṣù karùn-ún, ọdún 1964, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí ibẹ̀ sì sọ ọ́ ní Ọmọwálé. Ó ní òun ò tíì gba ẹ̀yẹ tó ṣe iyebíye tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tá a kí káàbọ̀ sílé bẹ́ẹ̀ la wá ń fi ẹ̀sùn kàn nílẹ̀ àjèjì, lórí iná tó ràn lẹ́yìn tó ti wọ inú sàréè.

Ẹ̀rí tó tó mi wà lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀. Èéfín Detroit ò tíì rọlẹ̀ nígbà tí Ààrẹ Lyndon Johnson gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 11 dìde ní ìparí oṣù keje, ọdún 1967. Otto Kerner, gómìnà Illinois, ni alága. Ẹ wo àwọn tó jókòó síbẹ̀: ọ̀gá ọlọ́pàá Atlanta wà níbẹ̀, olówó oníléeṣẹ́ ńlá wà níbẹ̀, àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì wà níbẹ̀. Aláwọ̀ dúdú méjì péré ni, Roy Wilkins, olórí ẹgbẹ́ NAACP tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú, àti Sẹ́nétọ̀ Edward Brooke, kò sì sí èyí tó ń bá àwọn Panther rìn nínú àwọn méjèèjì. Johnson sì ní kí wọ́n wádìí bóyá ẹnikẹ́ni ló dì í ní rìkíṣí. Wọ́n rán èèyàn lọ sí ìlú 23, wọ́n fọ̀rọ̀ wá èèyàn tó lé ní 1,200 lẹ́nu wò. Nígbà tí ìwé wọn jáde ní ìparí oṣù kejì, ọdún 1968, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé kò sí ètò kankan, kò sí rìkíṣí kankan, tó fa rògbòdìyàn ọdún 1967. Wọ́n ní púpọ̀ nínú àwọn tó jáde sígboro jẹ́ ọmọ bíbí ìlú náà, pé wọ́n tiẹ̀ kàwé ju àwọn aládùúgbò wọn tó jókòó sílé lọ. Nínú ohun tó ń bí wọn nínú, ìwà ọlọ́pàá, àìríṣẹ́ àti ilé tí kò ṣeé gbé ló ga jù. Wọ́n sì kọ ọ́ láìfi bò pé àwọn òyìnbó ló dá àdúgbò ìyà táwọn aláwọ̀ dúdú ń gbé sílẹ̀, àwọn náà ló sì ń gbé e ró. Johnson ò fi ọ̀yàyà gba ìwé náà rárá.

J. Edgar Hoover, olórí FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀, tó kórìíra àwọn ajìjàgbara yìí dé eegun, sọ fún ìgbìmọ̀ náà ní oṣù kẹjọ, ọdún 1967, pé òun ò rí ẹ̀rí rìkíṣí kankan. Ní ọjọ́ 25 oṣù yẹn kan náà, ó kọ lẹ́tà sáwọn ọ́fíìsì rẹ̀ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú ká, kí wọ́n sì bà wọ́n lórúkọ jẹ́.

Ní Newark, New Jersey, awakọ̀ takisí kan ni ọlọ́pàá lù ní ọjọ́ 12, oṣù keje, ọdún 1967. Àwọn tó ń gbé ilé ìjọba tó kọjú sí àgọ́ ọlọ́pàá rí i nígbà tí wọ́n ń wọ́ ọ wọlé. Ìròyìn tàn pé ó ti kú. Kò kú, ṣùgbọ́n èèyàn 26 ló kú kí ó tó rọlẹ̀.

Ní Detroit ńkọ́? Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 23, oṣù keje, ilẹ̀ ò tíì mọ́. Àwọn ọlọ́pàá já wọ ilé ọtí kan tí kò ní ìwé àṣẹ, lókè ilé ìtẹ̀wé kan ní 12th Street. Èèyàn bíi mélòó kan ni wọ́n rò pé àwọn máa bá. Wọ́n bá 82, tí wọ́n ń ṣe àjọyọ̀ àwọn ṣọ́jà méjì tó dé láti Vietnam. Wọ́n ní àwọn á kó gbogbo wọn. Ó gbà wọ́n ju wákàtí kan lọ, àwọn aládùúgbò sì ti pé jọ, wọ́n ń wò. Nínú ọgọ́rùn-ún ọlọ́pàá ìlú yìí nígbà náà, bíi márùn-ún péré ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ìgò kan fò, ó fọ́ gíláàsì ọkọ̀ ọlọ́pàá. Èèyàn 43 ló kú, wọ́n sì kó èèyàn tó lé ní 7,000. Ọ̀kan nínú àwọn tó kú jẹ́ ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rin: ẹnì kan ṣáná sí sìgá nínú ilé, àwọn ṣọ́jà tó wà nínú táńkì rò pé ìbọn ni, wọ́n sì da ọta bolẹ̀ sínú ilé náà.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo ń ṣe. Màmá aláwọ̀ dúdú kan tí mo ń tọ́jú ti tó ọmọ ogún ọdún nígbà náà, ilé wọn ò sì jìnnà sí 12th Street. Bàbá rẹ̀ kó àwọn àbúrò rẹ̀ sínú báàfù, ó gbé mátírẹ́ẹ̀sì bò wọ́n lórí, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tan iná. Títí di òní, bí mo bá fẹ́ tan iná yàrá lálẹ́, á ní kí n kọ́kọ́ fa kọ́tìnnì. Mo bi í léèrè nígbà kan pé ta ló ń wàásù fún wọn kí ìlú tó dàrú. Kò tètè yé e. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní Big Four, mẹ́rin nínú mọ́tò ńlá kan, tí wọ́n ń dá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé tiwọn, tí wọ́n ń pè wọ́n ní "boy".

Mo gbà pé H. Rap Brown, ajìjàgbara aláwọ̀ dúdú kan, sọ̀rọ̀ iná ní Cambridge, Maryland, ní ọjọ́ kejì tí Detroit bẹ̀rẹ̀, iná sì sọ níbẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n àwọn panápaná òyìnbó kọ̀, wọn ò wọ àdúgbò aláwọ̀ dúdú lọ pa á, títí ó fi jó ilé dé ilé. Àwọn tó ń dárúkọ Brown kì í dárúkọ àwọn yẹn.

Mo gbé Màmá lọ sí 12th Street, níbi tí ilé ọtí yẹn wà, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Rosa Parks Boulevard ni òpópónà náà ń jẹ́ láti ọdún 1976. Koríko ló wà níbẹ̀ báyìí, àti pátákó ìtàn tí wọ́n gbé síbẹ̀ lọ́dún 2017. Màmá ò ka pátákó náà. Ó jókòó sínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń nawọ́: ibí ni àtẹ̀gùn wà, ibí ni wọ́n ti ń fà wọ́n sọ̀kalẹ̀, ibí ni èmi àti bàbá mi dúró sí. Mo ti ránṣẹ́ sí Bàbá pé kí wọ́n jọ̀ọ́, tí wọ́n bá ráyè lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, màá fi mọ́tò wá gbé wọn. Màmá náà ti ní òun á tẹ̀ lé wa.