Irọ́ ni pé kókó ọmú tí kò dunni kì í ṣe jẹjẹrẹ

Ohùn kan ń lọ káàkiri WhatsApp láàárín àwa obìnrin Àjàṣẹ́, ó ti dé Kétu. Ó ní bí kókó ọmú kò bá ti dunni, kì í ṣe jẹjẹrẹ, ká ṣáà máa fi òrí pa á.

Òdìkejì rẹ̀ gan-an ló sún mọ́ òtítọ́. Jẹjẹrẹ ọmú kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Ìrora tó ń wá bí nǹkan oṣù bá ń bọ̀, tó sì ń lọ, kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ. Ẹ ṣọ́ kókó tuntun, ìbáà wà lábẹ́ abíyá, awọ tó ń ṣe bí èèpo ọsàn, orí ọmú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọnú, tàbí ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ibẹ̀ jáde. (Ẹ̀yin ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín, jẹjẹrẹ ọmú ń ṣe ọkùnrin pẹ̀lú.)

Òrí dára fún awọ. Kì í yọ́ kókó.

Ohùn náà tún ní ẹni tó ń yẹ ara rẹ̀ wò lóṣooṣù kò nílò dókítà. Ní Shanghai, wọ́n fi obìnrin tó lé ní 266,000 ṣe ìwádìí, wọ́n kọ́ ìdajì wọn ní àyẹ̀wò yìí. Èsì tó jáde ní 2002 fi hàn pé ikú jẹjẹrẹ ọmú láàárín àwọn tí wọ́n kọ́ kò dín sí ti àwọn yòókù.

Ó dára kí ẹ mọ bí ọmú yín ṣe rí. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn nǹkan oṣù ló rọrùn jù. Ṣùgbọ́n kókó tuntun, ó dunni o, kò dunni o, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á ní kì í ṣe jẹjẹrẹ.