Àwọn nǹkan róbótó funfun inú fọ́tò yẹn kì í ṣe òkú

Ẹ̀gbọ́n mi kan fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lánàá. Ọgbà tẹ́ḿpìlì àwọn ará Ṣáínà ni, lóru ọdún, èéfín tùràrí ń rú túú, nǹkan róbótó funfun sì fọ́n káàkiri ojú fọ́tò náà bí ìgbà tí àgbàdo dànù. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Wo àwọn òkú tó jáde. Kámẹ́rà kì í parọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, kámẹ́rà ń parọ́ dáadáa.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Nínú oṣù keje kàlẹ́ńdà wọn, àwọn ará Ṣáínà gbà pé ìlẹ̀kùn ibùgbé àwọn òkú máa ń ṣí, tí àwọn tí ebi ń pa níbẹ̀ á wá jẹun láyé. Mo bá ọdún náà ní George Town, ní erékùṣù Penang ní Màléṣíà. Wọ́n to oúnjẹ kalẹ̀, wọ́n gbé ère ràgàjì kan tí wọ́n fi bébà ṣe jáde, Tai Su Yah, ọba àwọn òkú náà, lórúkọ rẹ̀, ojú rẹ̀ le koko, ère kékeré Guanyin, òrìṣà àánú wọn, sì wà lórí rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń kọrin lórí ìtàgé, ìlà àga iwájú ṣófo. Ti àwọn àlejò tí a ò rí ni. (Èmi fẹ́ẹ̀ jókòó síbẹ̀, ìyá àgbà kan ló fà mí láṣọ.) Alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn ni wọ́n dáná sun ère náà pẹ̀lú owó bébà òkítì-òkítì.

Bí iná yẹn ṣe mú bébà, eérú gbéra. Ó ń fò lẹ́lẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ, ó ń bà sórí irun èèyàn, ó ń gba iwájú kámẹ́rà kọjá. Ibẹ̀ ni "òkú" ti ń wá. Fíláàṣì fóònù fẹ́ẹ̀ fara kan ojú kámẹ́rà rẹ̀. Tó bá kọ yẹ̀rì, eérú tó wà nítòsí ló kọ́kọ́ tàn sí, ìmọ́lẹ̀ náà á sì ta padà tààrà. Tẹ́ḿpìlì lọ́ọ̀ọ́kán ni kámẹ́rà ń wò, kò ráyè eérú, ohun kékeré tí kò bá sì fojú sí máa ń wú di róbótó. Àwọn "òkú" mìíràn tiẹ̀ ní igun mẹ́fà, torí bí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ṣe rí nínú àwọn kámẹ́rà kan nìyẹn.

Ẹni tí kò bá gbà, kó dúró de ọyẹ́. Kó gbálẹ̀ ẹ̀yìnkùlé lálẹ́, kó tan fíláàṣì, kó ya inú òkùnkùn. Òkú á pọ̀ ju ti Penang lọ. Òjò winniwinni náà ń ṣe é.

Mi ò sọ pé òkú ò sí o. Ọmọ ilé eégún kọ́ ló máa fi ọdún òkú ẹlòmíì ṣe yẹ̀yẹ́. Fọ́tò ni mò ń sọ. Fíláàṣì ò tilẹ̀ wúlò lálẹ́ yẹn: kò lè dé orí òrùlé tẹ́ḿpìlì, ojú ẹni tó mú tùràrí lọ́wọ́ tó ń gbàdúrà ló máa fọ́. Mo fara ti òpó, mo pa fíláàṣì, mo dúró kí iná bébà ràn dáadáa, mo yà á. Ojú Tai Su Yah pupa fòò, èéfín hàn, kò sí róbótó kankan.

Mo fi ìyẹn ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Èsì wọn dé kíá: "Nígbà tí o ti pa iná, ṣé wọn ò ní lọ ni?"