Ọmọ kékeré, ilé òkè: ẹ má lẹ rọ́ọ̀gì mọ́lẹ̀

Èrò ọkàn mi rèé, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin òbí tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ògbómọ̀ṣọ́ gbọ́ ọ dáadáa. Bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn bá wà nílé, ẹ má tẹ́ ohunkóhun sílẹ̀ tí ẹ kò ní lè ká sókè fọ̀, tàbí kí ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ mọ́ níbi tó wà. Rọ́ọ̀gì tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ láti ògiri dé ògiri, tó kún pálọ̀ wa, òun gan-an ni mo ń bá wí.

Ọmọ ọdún 1 sí 3 kì í jẹun kí ilẹ̀ má pín níbẹ̀. Ẹ̀kọ á dà, epo ọbẹ̀ á kán, ìtọ̀ á ti ṣàn kí ẹ tó na ọwọ́ mú póò. Ìlú kajú àti máńgòrò sì ni ìlú wa: tí omi èso kajú bá kán sórí rọ́ọ̀gì, àbàwọ́n rẹ̀ kò lọ mọ́, ẹni tó ti wọ aṣọ funfun jẹ kajú rí mọ ohun tí mo ń sọ. Rọ́ọ̀gì ń mu gbogbo rẹ̀ bíi kànrìnkàn. Ojú rẹ̀ lókè ni à ń nù, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀, níbi tí gọ́ọ̀mù wà, ni ìtọ̀ ń sùn sí. Ìtọ̀ a máa gbẹ síbẹ̀, á di iyọ̀, tí ọ̀rinrin òjò bá sì tún kàn án, òórùn á tún dìde. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè fọ̀ ọ́ lónìí kó tún máa rùn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà òjò, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ sá ohun tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku pupa á kún inú irun rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fa eruku kò sì wúlò tí kò bá sí iná. Ìgbálẹ̀ kàn ń gbé eruku náà fò sókè ni, ọmọ tó ń rá lórí rẹ̀ sì ń fà á símú.

Ohun tó wá ń bà mí nínú jẹ́ jù ni ohun tí àwọn kan ń fi lé òórùn náà. Wọ́n á da káńfọ̀ funfun róbótó sábẹ́ rọ́ọ̀gì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Àìtó G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa, wọ́pọ̀ láàrin wa, pàápàá lára ọmọkùnrin. Ọmọ tó bá ní in, káńfọ̀ yìí lè máa fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ẹyinjú rẹ̀ di àwọ̀ ìyeyè, kí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, kó sì di ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Kẹrosíìnì tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ kó lè máa dán náà kò dáa: ó ń ba kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà jẹ́, àwọn ọmọ kéékèèké sì máa ń gbé ike rẹ̀ mu. Bílíìṣì ńkọ́? Ẹ má dà á sórí ìtọ̀ tútù. Amóníà inú ìtọ̀ àti bílíìṣì máa ń para pọ̀ di èéfín olóró tó ń dí ọ̀fun. Omi àti ọṣẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi fọ ìtọ̀ náà kúrò pátápátá.

Kí ni kí a wá tẹ́? Fún ayálégbé, èrò tèmi kò yí padà: kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà tó nípọn, èyí tí wọ́n ń ká ní rólù tí wọ́n sì ń gé tà, kí ẹ tẹ́ ẹ lásán láìfi gọ́ọ̀mù sí i. Bí ẹ bá dé ọjà Tákíé láti rà á, ẹ̀yà rẹ̀ tó fẹ́lẹ́, tó rí bí ọ̀rá, ni owó rẹ̀ máa kéré jù. Ẹ má wo owó yẹn. Kò ní pẹ́ ya lábẹ́ ẹsẹ̀ àga, gbogbo hóró iyanrìn tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ ló sì máa yọ jáde lójú rẹ̀. Ẹ béèrè èyí tó nípọn tó mílímítà 1.5 sí 2, tó ní fóòmù tàbí aṣọ lẹ́yìn. Ẹ ṣẹ́ igun rẹ̀ po. Bó bá sán tàbí tó fi ilà funfun hàn, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Ní ti àwọ̀, ẹ má mú alámì tótòtó. Owó ẹyọ, ìlẹ̀kẹ̀ àti bátìrì róbótó inú ohun ìṣeré máa ń sá pamọ́ sínú irú iṣẹ́ ọnà bẹ́ẹ̀, ọmọ tó wà nílẹ̀ á sì ti rí i kó sẹ́nu kí ẹ tó rí i. Bátìrì kékeré yẹn lè jó ọ̀fun ọmọ láàrin wákàtí 2. Àwọ̀ kan ṣoṣo, bíi eérú tàbí búráùn fẹ́ẹ́rẹ́, ló dáa jù.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Yàrá tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 jẹ́ mítà 3.66 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Rólù tó fẹ̀ tó mítà 2 wọ́pọ̀, nítorí náà ìgé méjì lẹ ó lò. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 10 kún gígùn ìgé kọ̀ọ̀kan fún ohun tí ẹ máa gé dànù, ó di mítà 3.76. Méjèèjì jẹ́ mítà 7.52, ìyẹn yáàdì 8 lé díẹ̀. Ẹ ra yáàdì 8½. Fífẹ̀ méjèèjì á fi sẹ̀ǹtímítà 34 ju yàrá lọ. Ara ìgé kan ṣoṣo ni kí ẹ ti gé gbogbo rẹ̀ kúrò. Ìgé tó fẹ̀ jù ni kó wà níbi tí ọmọ ti ń ṣeré, kí ojú ibi tí méjèèjì ti pàdé bọ́ sábẹ́ àga tàbí bẹ́ẹ̀dì, kó má ṣe bọ́ sójú ọ̀nà tí ẹ̀ ń gbà kọjá. Ojú ìpàdé yẹn ni omi ń gbà wọlẹ̀. Tépù tó ń lẹ̀ lójú méjèèjì ni kí ẹ fi sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ má gé e lọ́jọ́ tí ẹ gbé e dé. Ẹ ṣí i sílẹ̀ nínú yàrá fún wákàtí 24 ó kéré tán, kí ìkáká rẹ̀ nà, kí ara rẹ̀ sì bá ooru ilé mu. Lásìkò yẹn, ẹ tún ilẹ̀ ṣe. Ibi tí símẹ́ǹtì bá ti là, ẹ fi ṣísẹ́lì gbẹ́ ẹ jìn tó sẹ̀ǹtímítà 1, ẹ gbá eruku rẹ̀ kúrò, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ fi símẹ́ǹtì tí ẹ pò mọ́ omi pa inú rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fi símẹ́ǹtì ìdá 1 sí iyanrìn ìdá 3 dí i. Ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 3, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó tẹ́ nǹkan bò ó. Nígbà tí ẹ bá ń gé rọ́bà náà, ẹ fi àlàfo mílímítà 5 sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yíká. Oòrùn ọ̀sán tó ń gba ojú fèrèsé òkè wọlé á mú kó nà. Bí kò bá ráyè nà sí, àárín rẹ̀ á wú sókè, ọmọ á sì máa kọsẹ̀ níbẹ̀.

Ohun mélòó kan ló máa ń bà á jẹ́. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná àti kọ́ìlì ẹ̀fọn á jó o. Ẹní ẹnu ọ̀nà tó ní rọ́bà lábẹ́ á sọ ojú rẹ̀ di pípọ́n rẹ́súrẹ́sú, àmì yẹn kò sì ṣeé fọ̀ torí pé inú rọ́bà gan-an ló ti wọ̀. Aṣọ ni kí ẹ tẹ́ síbẹ̀. Lóṣooṣù, ẹ ká apá ibi tí ọmọ ti ń jẹun sókè, ẹ nu abẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i kó gbẹ, kí ẹ tó dá a padà.

Ẹni tó bá ni ilé lè ṣe táìsì. Mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó ń dán bíi dígí: omi díẹ̀ lórí rẹ̀, ọmọ ti yọ̀ ṣubú. Èyí tí ojú rẹ̀ rí ṣákáṣáká díẹ̀ ni kí ẹ mú. Símẹ́ǹtì funfun tí wọ́n fi ń dí àlàfo àárín táìsì máa ń mu epo àti ìtọ̀, nítorí náà kí àlàfo náà má ju mílímítà 2 sí 3 lọ. Kí oní-táìsì má sì ṣe fi símẹ́ǹtì sí ojú márùn-ún péré lẹ́yìn táìsì kó wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ihò á wà lábẹ́ rẹ̀, tí ọmọ-odó bá bọ́ síbẹ̀, ó fọ́ nìyẹn. Ẹ fi owó ẹyọ kàn án kí ẹ tó san owó iṣẹ́ tán. Ibi tó bá dún gbugbu, kó tú u. Òkè lẹ sì wà: símẹ́ǹtì àti iyanrìn tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 wúwo tó kílò 100 lórí mítà kan sí mítà kan. Nínú yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 yẹn, ó lé ní tọ́ọ̀nù kan. Ẹ má ṣe to táìsì tuntun àti símẹ́ǹtì tó nípọn lé ti àtijọ́ láìjẹ́ pé ẹni tó mọ̀ nípa dẹ́kìn ilé náà ti wò ó.

Pákó ilẹ̀ tí wọ́n ń kì bọ ara wọn? Fún ilé ọlọ́mọ kékeré, rárá. Bí ìtọ̀ bá wọ ojú ìpàdé rẹ̀, á wú, kò sì ní padà.

Ó ku ariwo, èyí tí àwa ará òkè máa ń gbàgbé. Táìsì àti símẹ́ǹtì lásán kì í gba ìró mọ́ra. Gbogbo ohun ìṣeré tí ọmọ bá sọ sílẹ̀, orí àwọn ará ìsàlẹ̀ ló ń dún sí, bí ìyá arúgbó bá wà níbẹ̀ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH tó ń múra ìdánwò, ó tọ́ kí a ro tiwọn. Fóòmù oníwọ̀n 60 sí 60 sẹ̀ǹtímítà tí wọ́n ń kì bọ ara wọn ló dáa níbi ìṣeré. Méjìlá rẹ̀, 3 sí 4, á bo mítà 1.8 sí 2.4. Kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2, kó má sì ní lẹ́tà tó ń yọ láàrin, torí ọmọ á yọ ọ́ jẹ. Ẹ gbé e kúrò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ láti nu abẹ́ rẹ̀. Odó iyán kò gbọ́dọ̀ wà lórí dẹ́kìn rárá. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Bí ẹ bá ti tẹ́ fóòmù náà tán, ẹ lọ jókòó sọ́dọ̀ àwọn ará ìsàlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí ẹlòmíràn ń bá ọmọ ṣeré lókè. Ibi tí ẹ bá ti ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ jù, ibẹ̀ ni kí ẹ sún fóòmù náà sí.